ÀYẸ̀WÒ DÓKÍTÀ FÚN ẸNI TÍ IṢẸ́ PA LÁRA

Ohun méjì ni ó sábà máa ń ba ọ̀ràn òṣìṣẹ́ tí ó farapa jẹ́ níwájú dókítà. Èkíní ni ìdákẹ́. Èkejì ni àsọdùn. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹni tí ó bá sì fi irọ́ lé òtítọ́, a kì í gba òtítọ́ pàápàá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Láàárín méjèèjì ni ọ̀nà tí ó tọ́ wà: kí ènìyàn sọ ohun tí ń ṣe é gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, kí ó má fi kún un, kí ó má sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Ó dàbí ohun tí ó rọrùn, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìmúrasílẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kan ará Ìwòyè-Kétu gidigidi. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ṣùgbọ́n agboolé tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò kan tí ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò wọ́pọ̀: ìbáà ṣe ní ibi ìlagi, ní ibi tí a ti ń fọ́ òkúta, ní ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì ní Ìbèsè tàbí Ewékoro, lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, tàbí ní oko ńlá tí a ti ń gba alágbàṣe. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ilé ni ó farapa pẹ̀lú rẹ̀.

ÒFIN TÍ Ó DÚRÓ FÚN ÒṢÌṢẸ́

Ọdún 1941 ni ìjọba kọ́kọ́ ṣe òfin ní Nàìjíríà nípa owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bá pa lára. A fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1987. Èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ nísinsìnyí ni èyí tí a fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Lábẹ́ àwọn òfin àtijọ́, ojú ọ̀gá ni òṣìṣẹ́ ń wò fún owó náà. Lábẹ́ ti ọdún 2010, àpò kan wà ní ìkáwọ́ Àjọ NSITF, tí olúkúlùkù ọ̀gá ń dá owó sí: náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún náírà tí ó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òfin kò gbà kí ọ̀gá yọ owó náà lára owó oṣù wọn.

Kì í ṣe akọ̀wé nìkan ni òfin náà wà fún. Ẹni tí a gbà síṣẹ́ pẹ̀lú àdéhùn ẹnu lásán wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni alágbàṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Kì í ṣe inú ọgbà iṣẹ́ nìkan ni ó dé: ẹni tí ó ṣubú lórí ọ̀kadà ní ojú ọ̀nà tí ó máa ń gbà láti ilé lọ síbi iṣẹ́, òfin mọ̀ ọ́n. Kì í sì í ṣe ọgbẹ́ nìkan ni ó kà sí: àrùn tí iṣẹ́ fà àti etí tí ariwo ẹ̀rọ dí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó farapa lórí oko ara rẹ̀, tí kò ní ọ̀gá, kò sí lábẹ́ òfin yìí. Ẹni tí ó sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ní òdìkejì ààlà, ní Kétu tàbí Pọ̀bẹ́, òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni kí ó wádìí. CNSS ni orúkọ àjọ ti ibẹ̀, olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Kútọnu.

Òfin náà ní àkókò. Láàárín ọjọ́ 14 ni kí òṣìṣẹ́ fi ìpalára náà tó ọ̀gá rẹ̀ létí. Láàárín ọjọ́ 7 ni kí ọ̀gá fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àjọ. Láàárín ọdún kan ni kí a fi ìwé ìbéèrè owó sílẹ̀. Bí ọ̀gá bá ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, kí òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ gba ọ́fíìsì Àjọ lọ fúnra wọn ní Abẹ́òkúta.

Ẹni tí kò bá lè ṣiṣẹ́ kankan mọ́ títí ayé, òfin wí pé kí a máa san fún un lóòrèkóòrè iye tí ó tó 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá pàdánù apá kan agbára rẹ̀, ìdá tí ó pàdánù ni a ó fi ṣírò tirẹ̀. Ìwé dókítà ni a fi ń mọ ìdá náà. Nítorí náà, ohun tí dókítà bá kọ ní wákàtí kan lè di oúnjẹ ilé àti owó ìwé àwọn ọmọ fún ọdún púpọ̀.

OHUN TÍ DÓKÍTÀ Ń WÁ

Dókítà tí ń ṣe àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ọ̀tá, kì í sì í ṣe ìbátan. Kò jókòó láti wo aláìsàn sàn. Ó jókòó láti dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: kí ni ó bàjẹ́ nínú ara ẹni yìí? Èkejì: ṣé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó fà á? Ẹ̀kẹta: kí ni kò lè ṣe mọ́, ṣé yóò sì padà lè ṣe é?

Kí a fi òṣìṣẹ́ ibi ìlagi kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ẹ̀rọ gé ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. Ojú ọgbẹ́ ti jinná. Àpá ni dókítà rí. Kò rí i pé ìka ọwọ́ náà ń kú ní òru. Kò rí i pé àdá ń bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá ro ebè bí mélòó kan. Kò rí i pé ìyàwó rẹ̀ ni ó ń bá a so bọ́tìnnì. Ohun tí ojú dókítà kò tó, ẹnu òṣìṣẹ́ náà àti ìwé ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fi hàn án.

KÍ ỌJỌ́ TÓ PÉ

Èkíní, kí ó kó ìwé jọ sínú àpò kan: káàdì ilé ìwòsàn, àwòrán ẹ́ksírèè, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìwé oògùn, rìsíìtì, ẹ̀dà ìwé tí a fi sọ fún ọ̀gá, ìwé tí ó fi hàn pé òṣìṣẹ́ ni, àti orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀dà ni kí ó fi sílẹ̀. Kí ojúlówó padà wá sílé.

Èkejì, kí ó ní ìwé kékeré kan. Kí ó kọ ọjọ́, wákàtí, àti bí ìpalára náà ti ṣẹlẹ̀, kí ìtàn náà má baà yí padà bí oṣù ti ń gorí oṣù. Lẹ́yìn èyí, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé, kí ó máa kọ ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe lójoojúmọ́. Bí kò bá mọ ìwé kọ, kí ọmọ ilé ìwé bá a kọ ọ́. Kí ó kọ ọjọ́ tí ara dẹ̀ àti ọjọ́ tí ara kò gbà. Ẹni tí ó bá wí pé gbogbo ọjọ́ ni ó burú bákan náà, dókítà yóò ṣe iyèméjì.

Ẹ̀kẹta, kí ó mọ orúkọ ibi tí ń dùn ún. Nínú èdè Yorùbá, ọwọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti èjìká dé orí ìka. Ẹsẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ láti itan dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni tí ó wí pé, “Ọwọ́ ń dùn mí,” kò tíì sọ nǹkan kan fún dókítà. Ṣé èjìká ni, tàbí ìgbọ̀nwọ́, tàbí ọrùn ọwọ́, tàbí ìka? Bákan náà ni ti ìrora: èyí tí ń ta bí iná, èyí tí ń gún bí abẹ́rẹ́, èyí tí ń ro, àti ibi tí ó ti kú tí a kò mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ohun tí olúkúlùkù wọn sì ń sọ fún dókítà kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ̀kẹrin, kí ó fi ìwọ̀n sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. “N kò lágbára mọ́” kò tó. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé, “Àpò símẹ́ǹtì kan, 50 kílò, ni mo ń gbé tẹ́lẹ̀, nísinsìnyí, bí mo bá gbé korobá omi kan láti ibi kànga dé ilé, mo ní láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta,” dókítà rí ohun tí yóò kọ.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó má fi ìtọ́jú kankan pamọ́. Bí ó bá ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń to egungun, tàbí tí ó ń mu àgbo, kí ó wí bẹ́ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ náà bá ti ṣẹ́ rí nígbà èwe, kí ó wí èyí náà, nítorí ẹ́ksírèè lè fi hàn, ìfipamọ́ a sì di ẹ̀sùn.

LỌ́JỌ́ ÀYẸ̀WÒ

Ọ̀nà láti Ìwòyè gba Ìmẹ̀kọ àti Ayétòrò dé Abẹ́òkúta kì í ṣe ọ̀nà kékeré, pàápàá ní ìgbà òjò. Bí ó bá jẹ́ pé Abẹ́òkúta ni a pè é sí, ó sàn kí ó sùn síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ju kí ó pẹ́ dé lọ. Ẹni tí kò bá lọ fún àyẹ̀wò ń fọwọ́ ara rẹ̀ dá ọ̀ràn ara rẹ̀ dúró. Bí nǹkan bá dí i lọ́nà, kí ó ránṣẹ́ ṣáájú, kí ó sì bèèrè ọjọ́ mìíràn.

Kí ó wẹ̀, kí ó sì wọ aṣọ tí ó rọrùn láti bọ́. Agbádá kò yẹ fún ọjọ́ náà. Bí ó bá ń fi ọ̀pá rìn ní ilé, ọ̀pá náà ni kí ó mú lọ; kí ìtìjú má mú un fi í sílẹ̀. Bí kò bá sì fi ọ̀pá rìn ní ilé, kí ó má lọ yá ti ẹlòmíràn. Oògùn tí dókítà kọ fún un, kí ó lò ó bí ìṣe rẹ̀, kí ó sì sọ wákàtí tí ó lò ó. Kí ó má dá a dúró kí àìsàn lè hàn, kí ó má sì fi oògùn ìrora mìíràn tàbí ọtí kún un kí ara lè le.

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ọmọ Yorùbá ti ń fi ìwà rere pa ara rẹ̀ lára. Bí a bá kí i pé, “Ara ńkọ́?” “A dúpẹ́” ni ó máa ń dáhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sùn lóru. Èyí dára ní ìta gbangba. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún dáhùn bẹ́ẹ̀ nígbà tí dókítà bá ń bèèrè ìlera rẹ̀, dókítà lè kọ ọ́ pé ara rẹ̀ ti yá. Kí ó kí dókítà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lẹ́yìn ìkíni, kí ó mọ̀ pé ìbéèrè kì í ṣe ìkíni mọ́. Kò sí àìmoore nínú kí a wí pé, “Ó ṣì ń dùn mí, ibi báyìí ni, ìgbà báyìí ni.”

Bí dókítà kò bá gbọ́ Yorùbá, kí ó mú ẹnìkan lọ tí ó gbọ́ èdè méjèèjì, tí kì í fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ti ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni láti gbé ọ̀rọ̀ kọjá, kì í ṣe láti rojọ́.

Dókítà lè ní kí ó tẹ ọwọ́, kí ó na ẹsẹ̀, kí ó di nǹkan mú, kí ó rìn. Ó lè fi irin-iṣẹ́ wọn bí oríkèé ti tẹ̀ tó. Kí ó ṣe é dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ ní tòótọ́, kí ó sì sọ ibi tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó má fi ipá kọjá ibẹ̀ nítorí ìtìjú. Kí ó má sì ṣe bí ẹni tí kò lè gbé e rárá. Nítorí dókítà ń wo bí ó ti wọlé, bí ó ti bọ́ bàtà, àti bí ó ti na ọwọ́ gba ìwé rẹ̀. Ọwọ́ tí kò lè gbéra níwájú dókítà, tí ó sì ń juwọ́ sí awakọ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó ti ba ẹ̀rí ara rẹ̀ jẹ́.

LẸ́YÌN ÀYẸ̀WÒ

Kí ó kọ ọjọ́, orúkọ dókítà, àti ohun tí a yẹ̀ wò sínú ìwé kékeré rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Bí ọ̀gá bá gbé owó díẹ̀ wá pẹ̀lú ìwé pé kí ó fọwọ́ sí i pé òun kò ní bèèrè nǹkan kan mọ́, kí ó mọ̀ pé òfin ọdún 2010 kò gbà kí òṣìṣẹ́ bá ọ̀gá ṣe àdéhùn láti jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ yìí.

Bí ìpinnu Àjọ kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó má kàn máa kùn ní ilé. Òfin fún un ní ọjọ́ 180 láti bẹ Àjọ pé kí wọ́n tún ọ̀ràn náà gbé yẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìyẹn, Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ ti Orílẹ̀-èdè wà níwájú rẹ̀. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ìwé kékeré náà àti àpò ìwé náà ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

KÍ A HÁ A SÓRÍ

1. Sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14. Bèèrè owó láàárín ọdún kan.
2. Kó ìwé jọ, kí o sì máa kọ ti ojoojúmọ́ sílẹ̀.
3. Dárúkọ ibi tí ń dùn ọ́, kí o sì fi ìwọ̀n sọ ohun tí o kò lè ṣe.
4. Má fi “A dúpẹ́” dáhùn ìbéèrè dókítà.
5. Má fi kún un. Má yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ó dára kí ewé ìwé yìí wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú káàdì ilé ìwòsàn.