Ẹja Ìyeyè, Ẹja Aláró

Ìbéèrè: Ìlú Miami la ń gbé. Nígbà ọlidé tó kọjá, a kó àwọn ìbejì wa lọ wo ẹja ní etíkun Key Largo. Táyé rí ẹja pẹlẹbẹ kan tó pọ́n bí ìyeyè, òun nìkan ló ń dá rìn. Kẹ́hìndé rí ọ̀wọ́ ẹja aláwọ̀ aró tó ju ogójì lọ. Wọ́n ya bo àpáta iyùn, ẹja dúdú kékeré kan sì ń lé wọn kiri. Kẹ́hìndé ní Dory ni wọ́n, pé ẹja ìyeyè yẹn sì ni ọmọ wọn. Táyé ní irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán nílé wa. Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń wá níbẹ̀? Èmi, Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Kẹ́hìndé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló jàre níbi ti ọmọ. Ìyeyè ni ẹja náà ní kékeré. Bó ṣe ń dàgbà ni aró ń wọ̀ ọ́ lára, ìrù ló sì máa ń pọ́n kù. Kò ní ìwọ̀n kan pàtó tó fi ń pàwọ̀ dà: ẹ lè rí ńlá tó ṣì pọ́n, kẹ́ ẹ rí kékeré tó ti di aláró. Nígbà tó bá ṣì jẹ́ ìyeyè, ó máa ń dá gbé ni, ó sì máa ń lé ẹlòmíràn kúrò ní sàkáání rẹ̀. Ohun tí Táyé rí nìyẹn.

Dory kọ́ ni Kẹ́hìndé rí o. Ìbátan ni Dory inú fíìmù ọdún 2003 yẹn jẹ́ sí wọn, Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì nilé tirẹ̀. Tiyín yìí ni Acanthurus coeruleus, láti Florida dé Kúbà dé Brazil ló wà. Barbero ni wọ́n ń pè é ní Kúbà, onígbàjámọ̀ nìyẹn, torí pé lọ́tùn-ún lósì ìdí ìrù rẹ̀, abẹ kan ká sínú àkọ̀. Tó bá ti ṣẹ́ ìrù, abẹ á yọ. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ní erékùṣù Fernando de Noronha ní Brazil, ó máa ń gé koríko tó hù lẹ́yìn ìjàpá òkun, ìjàpá á sì dúró jẹ́ẹ́ fún un.

Ẹja dúdú kékeré yẹn ńkọ́? Àgbẹ̀ ni. Ó ní oko tirẹ̀ lórí àpáta, tí koríko òkun wẹ́wẹ́ ń hù níbẹ̀ bí irun orí ọmọ tuntun, ó sì ń ṣọ́ ọ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ẹja kan ṣoṣo tó bá yà síbẹ̀ á jẹyán rẹ̀ níṣu: àgbẹ̀ á gé e níìrù jẹ, á lé e jìnnà. Koríko sì ni onígbàjámọ̀ ń jẹ, kò lóúnjẹ mìíràn. Ìdí tí wọ́n fi ń di ọ̀wọ́ nìyẹn. Mo léfòó lókè irú oko bẹ́ẹ̀ rí, mo ń wò wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn dorí kodò, tí ẹnu wọn ń gé pẹ́pẹ́pẹ́. Àgbẹ̀ kọ lu èyí tó wà lọ́tùn-ún. Kó tó padà, mẹ́wàá ti jẹ lósì. Kò pẹ́ tí wọ́n gbéra lọ sí oko mìíràn, kò sì lè tẹ̀ lé wọn, kó má fi ilé sílẹ̀. Bí agbo màlúù tó ya wọ oko àgbàdo gẹ́lẹ́ ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Síbẹ̀, ẹ má tìtorí ẹ̀ kórìíra wọn. Ohun ẹlẹ́mìí ni iyùn, koríko sì yára hù jù ú lọ. Tí kò bá sẹ́ni tó ń jẹ koríko, á bo iyùn mọ́lẹ̀, ọmọ iyùn ò sì ní ríbi gúnlẹ̀ sí. A ti rí i rí. Ní 1983, àrùn pa òòrẹ̀ òkun tó ń bá wọn jẹ koríko, káàkiri Òkun Kàríbíà. Ní Jàmáíkà, níbi tí ìjì 1980 ti fọ́ àpáta, tí apẹja sì ti kó ẹja tó ń jẹ koríko tán nílẹ̀, iyùn ààyè tó bo ìdajì àpáta ní òpin àwọn ọdún 1970 kò tó ìdá kan nínú ogún mọ́ nígbà tó máa fi di 1994.

Tẹ́ ẹ bá padà lọ, ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ, torí pé inú ihò àpáta ni wọ́n ń sùn tílẹ̀ bá ti ṣú. Kí Táyé wá èyí tí gbogbo ara rẹ̀ ti di aró, tí ìrù rẹ̀ ṣì pọ́n bí ìyeyè.