Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Cooler Orí Processor

Púpọ̀ nínú yín ni ó ń ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì ń fi ọwọ́ ara yín tò ó pọ̀. Iṣẹ́ tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí owó ńlá ti lè ṣòfò láàárín ìṣẹ́jú kan: ìgbà tí a bá fẹ́ yọ cooler tí ó bá processor wá, kí a fi èyí tí ó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ kí a dì mú ni pé kì í ṣe iye owó cooler nìkan ni ó ń mú processor tutù. Bí ojú méjèèjì ṣe fara kan ara wọn dáadáa ni ó ṣe kókó jù.

Àpẹẹrẹ wa ni AMD Ryzen 5 3600, tí ó jáde ní ọdún 2019, tí ó ń jókòó sórí socket AM4.

1. Kí ni cooler ń ṣe?

Gbogbo iná tí processor bá lò ni ó ń di ooru. 65 watt ni ilé iṣẹ́ kọ sí ara ti àpẹẹrẹ wa yìí. Bí ooru rẹ̀ bá dé 95°C, yóò dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kí ó má baà jóná. Nínú àwọn ọ̀pá bàbà ara cooler gíga, omi díẹ̀ wà níbẹ̀ tí ń hó nísàlẹ̀, tí ń gbé ooru lọ sókè sí ibi tí fáànù yóò ti fẹ́ ẹ dànù. Ṣùgbọ́n kò sí cooler aláfẹ́fẹ́ tí ó lè mú processor tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ. Bí yàrá bá gbóná tó 33°C, orí 33 ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa gbọn eruku rẹ̀ dànù, pàápàá nígbà ọyẹ́.

2. Kí ni thermal paste wà fún?

Bí irin ṣe lè dán tó, kòtò wẹ́wẹ́ wà lójú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń sá pamọ́ síbẹ̀. Bàbà ń gbé ooru ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po tí ó ju 10,000. Ìpara yìí ló ń lé afẹ́fẹ́ náà jáde. Síbẹ̀, òun pàápàá kò tó bàbà. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ìwọ̀nba sí i: bí kò bá sí rárá, ewu ni, bí ó bá nípọn jù, ìdíwọ́ ni.

3. Kí a tó rà á

Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ AM4 sí ara páálí rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn cooler gíga tí fáànù wọn jẹ́ milimítà 120 ń ga tó milimítà 155 sí 160, nítorí náà ẹ wọn inú àpótí kọ̀ǹpútà yín kí ẹ tó sanwó.

4. Yíyọ ti àtijọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Píìnì tín-ín-rín 1,331 ni ó wà lábẹ́ processor yìí. Ìpara tí ó ti gbẹ máa ń lẹ̀ bí àtè; ẹni tí ó bá fa cooler sókè tagbára-tagbára lè fa processor yọ pẹ̀lú rẹ̀, kí píìnì sì tẹ̀ tàbí kí ó ṣẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí ìpara lè rọ̀. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan irin àpótí rẹ̀ kí iná ara yín má baà ṣe é ní jàǹbá. Ẹ yọ wáyà fáànù, ẹ tú ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀. Ẹ yí cooler sọ́tùn-ún sósì jẹ́jẹ́ títí yóò fi tú, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó gbé e. Ẹ di irin pẹlẹbẹ tí ó wà lẹ́yìn motherboard mú kí ó má jábọ́. Púpọ̀ nínú àwọn cooler tuntun ni yóò tún lò ó.

5. Fífi tuntun sí i

(a) Ẹ fi aṣọ tí kì í tú òwú àti isopropyl alcohol nu ìpara àtijọ́ kúrò pátápátá, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ.
(b) Ẹ bó ọ̀rá pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí cooler tuntun. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé rẹ̀.
(d) Ẹ fi ìpara tí ó tó ẹyọ ẹ̀wà kékeré kan sí àárín processor. Títẹ̀ cooler ni yóò tẹ́ ẹ.
(e) Ẹ gbé cooler lé e lójú kan, kí ẹ máa dè é láti igun kan sí igun tí ó dojú kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà tẹ̀ sí apá kan.
(ẹ) Ẹ jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ sí ẹ̀yìn àpótí, kí ẹ sì ki wáyà rẹ̀ bọ ibi tí wọ́n kọ CPU_FAN sí.

6. Àyẹ̀wò

Ẹ tan án, ẹ wọ inú BIOS, kí ẹ wo ooru processor àti eré fáànù. Bí ooru bá ń sáré gun òkè lọ sí 90, ẹ pa á kíákíá. Ọ̀rá tí a kò bó, ìdè tí kò fún, tàbí wáyà fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìdí tí ìpara púpọ̀ kò fi dára?
2. Kí ni a gbọ́dọ̀ ṣe kí a tó yọ cooler àtijọ́, kí sì ni ìdí rẹ̀?
3. Bí yàrá bá gbóná tó 33°C, ǹjẹ́ cooler aláfẹ́fẹ́ lè mú processor dé 30°C? Ẹ ṣàlàyé.