Kòkòrò tó ń wọ ẹ̀wù ṣúgà: iṣẹ́ wo ni abẹ́rẹ́ PCV ń ṣe?

Ṣé ẹ mọ̀ pé kòkòrò àrùn kan lè wà nínú imú ọmọ kékeré, kí ọmọ náà sì máa ṣeré lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan? Pneumococcus ni wọ́n ń pè é. Wàhálà dé nígbà tó bá kúrò nínú imú. Tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó di òtútù àyà. Tó bá wọnú ẹ̀jẹ̀, ó lè ba gbogbo ara jẹ́. Tó bá dé awọ tó bo ọpọlọ, ó di yírùnyírùn, tó lè pa ọmọ tàbí kó sọ ọ́ di adití.

Kí ni agbára rẹ̀?

Ẹ̀wù ni. Ṣúgà tó so mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ ló fi bo ara, kí àwọn ọmọ ogun ara wa má baà rí i gbé mì. Nínú ìdánwò tí Frederick Griffith ṣe ní London, tó kọ jáde ní 1928, èyí tó wọ ẹ̀wù pa èkúté. Èyí tí kò ní ẹ̀wù kò pa á. Oríṣi ẹ̀wù náà lé ní 90.

Báwo ni abẹ́rẹ́ ṣe ń borí rẹ̀?

Ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kì í sábà ka ṣúgà lásán sí ọ̀tá. Torí náà, abẹ́rẹ́ tó jẹ́ ṣúgà nìkan kì í ràn wọ́n lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n so ṣúgà náà mọ́ purotéènì. Bí ara ọmọ ṣe ń bá purotéènì jà, ló ń kọ́ bí yóò ṣe dá ẹ̀wù náà mọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára PCV nìyẹn.

Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní 2000. Kò pẹ́ tí àìsàn náà fi dín kù lára àwọn àgbàlagbà tí kò gbà á pàápàá! Ọmọ tó ti gbà á kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé kòkòrò náà símú mọ́, kò sì ní kó o ran ìyá àgbà.

Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 2014: ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ ń gbà á, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó o. Ẹ wo káàdì àjẹsára ọmọ tó wà nílé yín.

Ṣùgbọ́n PCV kò mọ gbogbo oríṣi ẹ̀wù. Bí ọmọ bá ń mí gúlegúle, tí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, ẹ má dúró de àgbo. Ilé ìwòsàn yá.