Ẹ Kọ́kọ́ Yan Ibi Tí Okùn Yóò Ti Já

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ apẹja tí ẹ ń ti Kọ́bapẹ́ lọ sí odò Ògùn, àti ẹ̀yin tí ẹ ń la Abẹ́òkúta kọjá lọ sí adágún Ọ̀yán, ìbéèrè tó máa ń yá yín lẹ́nu jù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwọ̀ ni pé okùn wo ló nípọn jù. Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé: bí agbára bá dé, tó di dandan kí nǹkan kan já, ibo ni ẹ fẹ́ kó ti já? Kò sí okùn tí kì í já. Ẹja ńlá lè fà á já, àpáta lè gé e, kùkùté igi sì lè gbà á lọ́wọ́ yín. Apẹja tó mọ iṣẹ́ ti yan ibi tí okùn òun yóò ti já kó tó kúrò nílé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, odò ni yóò bá a yàn án, odò kì í sì í rò ti ẹnikẹ́ni mọ́ tirẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ló wà láàárín ọwọ́ yín àti ẹja. Èkíní ni okùn àgbà, èyí tó wà lórí ríìlì tàbí tí ẹ ká mọ́ igi. Èkejì ni lídà, okùn kúkúrú tó so okùn àgbà pọ̀ mọ́ ìwọ̀. Ẹ̀kẹta ni kókó, òun gan-an ni ọ̀pọ̀ yín kì í kà sí. Ẹ jẹ́ ká fojú rí i. Ẹ wá okùn náílọ̀n tuntun tí wọ́n kọ pọ́n-ùn 20 sára rẹ̀. Ìyẹn ń lọ sí bíi kílò mẹ́sàn-án. Píọ̀ wọ́tà kan, ìdajì lítà ni, ìdajì kílò ló sì ń wúwo, nítorí náà ó yẹ kí okùn yẹn gbé bíi méjìdínlógún. Ẹ lọ́ orí rẹ̀ kan mọ́ ẹ̀ka igi lọ́pọ̀ ìgbà, kó má baà sí kókó tó mú níbẹ̀. Ẹ fi kókó tí ẹ ń ta lójoojúmọ́ so orí kejì mọ́ àpò tó lágbára, kí ẹ wá máa kó píọ̀ wọ́tà sínú àpò náà níkọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ kókó lásán ni ẹ ta, irú èyí tí a fi ń di ẹnu àpò gaàrí, ẹ lè má kà ju mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá lọ kó tó já. Ẹ wo ibi tó ti já dáadáa. Kì í ṣe àárín okùn. Etí kókó ni, níbi tí okùn ti ṣẹ́ po tó sì ń fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Ẹ tún rẹ okùn náà sómi fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i: náílọ̀n máa ń mu omi, agbára rẹ̀ sì máa ń dín kù tó bá tutù. Abájọ tí ẹgbẹ́ IGFA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ẹja ńlá tí wọ́n fi ìwọ̀ mú káàkiri àgbáyé, fi jẹ́ pé okùn tó tutù ni wọ́n ń wọn agbára rẹ̀. Nọ́ńbà ara róòlù, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta ọjà ni. Ẹ ka píọ̀ wọ́tà yín.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ yín lọ́nà ni fídíò orí fóònù. Ẹ̀ ń wo àwọn tó ń ju ìjẹ onírin sí ẹja túnà lójú agbami, ẹ sì rí i pé lídà wọn lágbára ju okùn àgbà wọn lọ: okùn híhun pọ́n-ùn 65 lè wà lórí ríìlì, kí lídà pọ́n-ùn 100 wà níwájú ìjẹ. Wọn ò ṣìnà. Túnà kì í ṣe àjèjì sí òkun tiwa níbí. Èbúté Tema ní Gánà àti Abidjan ní Côte d'Ivoire ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń pa á ní ẹkùn òkun Gíníì ń já a sí, irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní yellowfin sì lè wúwo ju 100 kílò lọ. Àmọ́ ẹ wo omi tó ń gbé. Tí ìwọ̀ bá kọ́ ọ, ìsàlẹ̀ ló ń dorí kọ, nínú ibú tí kò sí igi, tí kò sí òkúta, ìjà náà sì lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo àsìkò yẹn, eyín wẹ́wẹ́ rẹ̀ àti ìrù rẹ̀ ń ha lídà. Lídà tín-ín-rín kò lè fara dà á. Kí okùn àgbà má baà já ṣáájú àsìkò, bírékì ríìlì ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé: wọ́n ń fún un mọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára okùn, kí okùn máa tú jáde kó tó débi tí yóò ti já. Omi tí wọ́n wà ló kọ́ wọn ní gbogbo ìyẹn. Tí ẹ bá kó lídà wọn láìkó omi wọn, nǹkan mìíràn ni ẹ kó.

Ọ̀yán kì í ṣe agbami. Ní 1983 ni wọ́n ṣí ìsédò rẹ̀, omi sì tẹ́ bo ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 4,000. Oko àti igbó ni ilẹ̀ ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Àrọ̀, ọ̀bọ̀kún àti epìyà fẹ́ràn abẹ́ igi tó rì, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ àti òjìji wà, nítorí náà ibẹ̀ náà ni ẹ gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀ sí, ibẹ̀ ni yóò sì há. Ẹ wá rò ó wò. Bí lídà yín bá lágbára ju okùn àgbà lọ, tí ìwọ̀ sì há mọ́ kùkùté, okùn àgbà ni yóò já. Ibi tó bá wù ú ni yóò ti já: ó lè jẹ́ níbi tó ti ha díẹ̀ lánàá, ó sì lè jẹ́ lẹ́bàá ríìlì. Ogún mítà okùn lè lọ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò dúró sínú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwọ̀ yóò sì máa dúró lẹ́nu rẹ̀ de àwọ̀n ẹlòmíì tàbí ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n bí lídà bá jẹ́ bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára okùn àgbà, pọ́n-ùn 20 níwájú 30, ìwọ̀n apá kan okùn àti ìwọ̀ kan ni ẹ máa pàdánù. Nǹkan mìíràn tún wà tí mo kà sí pàtàkì ju owó okùn lọ. Ẹni tí gbogbo okùn rẹ̀ há kì í fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ńṣe ni yóò wọ omi lọ tú u. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ṣe ìwádìí àtọ̀sí ajá ní àwọn abúlé etí Ọ̀yán láti ìgbà tí ìsédò náà ti wà, inú ìgbín omi sì ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde wá gba awọ ara ènìyàn wọlé. Lídà tó mọ ìgbà tí yóò já kì í jẹ́ kí ẹ rí ìdí tí ẹ fi máa wọ omi.

Àwọn kan yóò ní àwọn baba wa kò mọ lídà, wọ́n sì pa ẹja. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn-ún gbọ́, àmọ́ ẹ lọ wo ìwọ̀ àdẹsílẹ̀ dáadáa, èyí tí wọ́n ń ta gbọọrọ lójú omi tí ọgọ́rùn-ún ìwọ̀ lè wà lára rẹ̀. Okùn tó gbé gbogbo rẹ̀ nípọn. Àwọn okùn kéékèèké tó rọ̀ sílẹ̀ láti ara rẹ̀, tí ìwọ̀ wà lẹ́nu wọn, tín-ín-rín ju òun lọ. Kí nìdí? Kí ìwọ̀ kan tó há má baà gbé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún yòókù lọ. Lídà nìyẹn, bí wọn ò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ti yan ibi tí okùn yóò ti já kí ríìlì tó dé.

Àtakò kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, mi ò sì fẹ́ fojú kéré rẹ̀. Wọ́n ní lídà mú kókó kejì wá, kókó sì ni ibi tí okùn ti ń já. Wọ́n tún ní lídà tí kò lágbára yóò jẹ́ kí ẹja ńlá gbé ìwọ̀ lọ lẹ́nu. Òótọ́ wà nínú méjèèjì. Fún ti kókó kejì, ìdáhùn rẹ̀ ni kí ẹ ta á débi tí agbára tó ṣẹ́ kù fún okùn àgbà yóò fi ju ti lídà lọ, àpò píọ̀ wọ́tà yóò sì jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ẹ ti ṣe é. Fún ti ẹja ńlá, ẹ rántí pé ẹja kì í wúwo nínú omi bó ṣe ń wúwo lórí òṣùwọ̀n ọjà. Omi ló gbé e. Ohun tó ń já okùn ni jíjá lójijì tí ẹ̀yin fúnra yín ń já a nígbà tí ara yín ò balẹ̀. Lídà pọ́n-ùn 20 yóò mú àrọ̀ kílò márùn-ún wálé bí bírékì bá rọ̀, tí àwọ̀n ọlọ́wọ́ sì wà nítòsí láti gbé e. Bó bá sì gbé ìwọ̀ lọ náà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìwọ̀ irin lásán tí ìpẹtà yóò jẹ. Èyí tí kì í dípẹtà yóò pẹ́ lẹ́nu ẹja.

Ní ti irú okùn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Náílọ̀n, tí Wallace Carothers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ní 1935, ṣì ni mo yàn fún ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán fa okùn. Ó ń nà díẹ̀, nínà yẹn ló sì ń gba ẹja tó bá já lójijì mọ́ra. Okùn híhun kì í nà, ó tín-ín-rín, ó sì ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ ìgbà tí ẹja fẹnu kàn án. Ẹni tó ní ọ̀pá àti ríìlì lè lò ó. Ẹni tí kò ní i kó má dán an wò, nítorí ó ń ya ọwọ́ bí abẹ. Fluorocarbon ń fara pamọ́ nínú omi mímọ́ gaara, àmọ́ ta ló ń rí lídà nínú odò Ògùn lóṣù kẹsàn-án, nígbà tí omi ti di pupa? Ẹ tọ́jú owó yín.

Ibi tó yẹ ká dúró sí ni kókó. Méjì péré tó fún gbogbo iṣẹ́ tiwa. Ti ìdí ìwọ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Palomar: ẹ ṣẹ́ okùn po sí méjì, ẹ ki ojú rẹ̀ bọ ihò ìwọ̀, ẹ fi okùn méjèèjì ta kókó lásán kan láìfà á le, ẹ mú ìwọ̀ fúnra rẹ̀ gba inú ojú okùn náà kọjá, kí ẹ wá fà á díẹ̀díẹ̀. Okùn méjì ló dì mọ́ ihò ìwọ̀, èyí ni kò jẹ́ kí ọ̀kan dá gbé gbogbo ìnira. Ti okùn àgbà àti lídà ni Uni alápá méjì: ẹ tẹ́ okùn méjèèjì lọ́ra wọn, ẹ fi ẹnu ti ọ̀tún ṣe ojóbó, ẹ lọ́ ọ yí okùn méjèèjì ká nínú ojóbó náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti òsì, kí ẹ fa méjèèjì síra wọn títí wọn yóò fi pàdé. Tó bá jẹ́ okùn híhun, ẹ lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹjọ, nítorí ó ń yọ̀. Àwọn tó ń pa túnà fẹ́ràn FG, níbi tí okùn híhun ti ń yí lídà ká bí òwú ṣe ń yí irun olówùú ká. Ó dára, kò sì ní ìkókó tí yóò há nínú òrùka ọ̀pá, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, Ọ̀yán kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Èyíkéyìí tí ẹ bá ta, ẹ fi itọ́ rin ín kí ẹ tó fà á. Okùn tó bá ń ha ara rẹ̀ gbẹ máa ń gbóná, okùn híhun sì ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 145 Celsius, nígbà tí náílọ̀n ju 200 lọ. Bí kókó náílọ̀n bá funfun lára lẹ́yìn tí ẹ fà á, ó ti jóná. Ẹ gé e, ẹ tún un ta.

Mo gbà pé ìmọ̀ràn lídà tó kéré sí okùn àgbà ní ibi tí kò ti bá iṣẹ́ mu. Ní ìhà Láfẹ́nwá àti Ẹnu Gádà, níbi tí odò Ògùn ti ń gba àárín àpáta kọjá, ohun tó ń pa okùn kì í ṣe híhá bí kò ṣe híha, níbẹ̀ ni lídà tó nípọn ti wúlò, bíi ti àwọn tó ń pa túnà. Ẹja eléyín mímú ní tirẹ̀ ń fẹ́ wáyà tín-ín-rín tó gùn tó ìka àárín síwájú ìwọ̀, kí ìyókù lídà dúró bó ṣe wà. Èyí kò ba àríyànjiyàn mi jẹ́. Òun gan-an ni mò ń sọ láti òwúrọ̀. Omi àti ẹja ló ń sọ ibi tó yẹ kí okùn ti já.

Kí ẹ tó gbéra lọ́la, ẹ fa apá kan tó gbẹ̀yìn okùn yín gba àárín èékánná méjì. Bó bá ṣe gbágungbàgun mọ́ yín lọ́wọ́ níbì kankan, ẹ gé e kúrò, kí ẹ ta kókó mìíràn. Èyí tí ẹ gé, ẹ má jù ú sétí odò. Àpò ni kí ẹ kì í bọ̀, kí ẹ gbé e lọ sílé.