Ẹ̀kọ́ Lórí Ìfètò sí Ọmọ Bíbí

Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé kò dára kí a máa bí ọmọ lé ọmọ. Ní ayé àtijọ́, bí obìnrin Yorùbá bá bímọ, kì í bá ọkọ rẹ̀ sùn títí yóò fi gba ọmọ náà lẹ́nu ọmú, èyí sì lè tó ọdún 2 tàbí 3. Agbo ilé ni wọ́n ń gbé. Ìyàwó ní yàrá tirẹ̀, ojú ìyá ọkọ sì wà lára rẹ̀.

Ní ìgboro Adó-Èkìtì lónìí, bí irú Òkè-Ìlá, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ni ó ń gbé yàrá kan tàbí méjì tí wọ́n háyà, láìsí àgbà lọ́dọ̀ wọn. Àṣà náà ń lọ, ṣùgbọ́n ewu tí ó ń dènà kò lọ. Bí oyún bá tètè dé, ara ìyá kò tíì padà bọ̀ sípò, a sì lè bí ọmọ náà láìpé oṣù. Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe gbani níyànjú pé kí ó tó oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kí obìnrin tó tún lóyún.

Kí ni a ó wá fi rọ́pò àṣà náà? Abẹ́rẹ́ kan wà tí ń ṣiṣẹ́ fún oṣù 3. Ọ̀pá tín-ín-rín tí a ń fi sí abẹ́ awọ apá ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 3 sí 5. Èyí tí a fi bàbà ṣe, tí a ń fi sínú ilé-ọmọ, lè lo ọdún 10. Oògùn oníhóró ń bẹ fún lílò lójoojúmọ́. Rọ́bà tí ọkọ ń lò a sì máa dènà àrùn ìbálòpọ̀ pẹ̀lú.

Síbẹ̀, ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé nínú obìnrin 100 tí ó ní ọkọ ní Nàìjíríà, nǹkan bí 12 péré ni ó ń lo ọ̀nà ìgbàlódé. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé yóò sọ wọ́n di àgàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá yọ ọ̀pá tàbí bàbà náà, obìnrin lè tún lóyún. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ó lè pẹ́ ní oṣù díẹ̀. Nǹkan oṣù lè yí padà. Bí ó bá dààmú yín, ẹ padà tọ nọ́ọ̀sì lọ.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe dá ọ̀rọ̀ yìí dá aya yín. Ẹ jọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí ẹ jọ bèèrè, kí ẹ sì jọ yàn. Àwọn àgbà ní, ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ.