Sọ Fún Alájọgbé Rẹ Kí Ilẹ̀ Tó Ṣú

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọ̀rọ̀ agboolé ni, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí òwe yìí ti ṣẹ tó yàrá ilé akẹ́kọ̀ọ́. Ènìyàn mẹ́rin tàbí mẹ́fà tí wọn kò jọ dàgbà ló ń bára wọn nínú yàrá kan ṣoṣo. Bí ẹni tó wà lórí bọ́ńkù bá yíra padà, ẹni ìsàlẹ̀ á jí.

Ọ̀pọ̀ ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn ńlá ló ń dá a sílẹ̀. Ìkòkò tí a kò fọ̀ ni, fóònù tó ń pariwo lóru ni, omi tí ẹlòmíì lò láìtọrọ ni. Ẹni tó ń dùn gbé e mì fún oṣù méjì, ó wá bú jáde ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ yàrá rọrùn jù láti sọ, nítorí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ jókòó nígbà náà, kí ẹ sọ ẹni tí yóò gbálẹ̀ lọ́jọ́ wo, ìgbà tí ẹ ó máa paná, àti bí àlejò ṣe lè pẹ́ tó. Ẹ má fo ọ̀rọ̀ àdúrà. Mùsùlùmí tó ń jí sààrì nínú oṣù Ramadan àti Kìrìsìtẹ́nì tó ń ṣe ìṣọ́ òru lè jọ gbé láìsí wàhálà bí kálukú bá ti mọ aago ẹnì kejì tẹ́lẹ̀.

Bí a ṣe sọ ọ́ sì ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bí ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu bá jù ọ́ lọ, má pariwo mọ́ ọn lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Dúró kó ku ẹ̀yin méjèèjì, kí o ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìdánwò láàárọ̀. Ẹ bá mi dín ohùn fóònù yín kù.” Ẹni tó bá gbọ́ irú èyí tí kò dáhùn ṣọ̀wọ́n.

Kí ọmọ wa mọ̀ pẹ̀lú pé wọn kò kọ́ àwọn ilé wọ̀nyí fún bí a ṣe ń gbé inú wọn lónìí. Ọdún 1948 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì London. Maxwell Fry àti Jane Drew ló ya àwòrán àwọn ilé rẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n sì fi ihò àti báńkónì sí i kí atẹ́gùn lè gba inú yàrá kọjá. Gbọ̀ngàn ìjẹun ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹun nígbà náà. Ní 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé owó oúnjẹ ojúmọ́ kan láti 50 kọ́bọ̀ sí náírà kan ààbọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá, wọ́n sì pe ìwọ́de náà ní Ali Must Go, nítorí pé Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali ni kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́. Nígbà tó yá, ìjọba yọwọ́ pátápátá nínú bíbọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìdáná ṣe wọ inú yàrá tí kò ní ilé ìdáná, tí èrò sì ń pọ̀ sí i níbẹ̀.

Nítorí náà, má fi aṣọ àti páálí dí fèrèsé. Ṣọ́ra fún iná mànàmáná pẹ̀lú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan kì í lè gbé ju nǹkan bí 3,000 wáàtì lọ, bẹ́ẹ̀ sítóòfù oníná kan ṣoṣo lè gba 2,000. Bí ẹni méjì bá ń se ìrẹsì lórí extension kan náà, wáyà á gbóná, ike á máa yọ́. Ẹ fi àsìkò ìdáná sí i, kí ẹ má jọ tan án lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdun ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ìtìjú ló ń jẹ́ kó gbilẹ̀. Ọmọ tó rí i lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ á dákẹ́, kí wọ́n má baà pè é ní ọ̀bùn. Ìdun kò mọ ọ̀bùn yàtọ̀ sí afínjú. Ẹ̀jẹ̀ ló ń wá. Àrùn tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bí ìwọ nìkan bá tọ́jú bẹ́ẹ̀dì tìrẹ, ti ẹnì kejì ni wọn yóò gbà padà wá, torí ìdun lè gbé oṣù púpọ̀ láìmu ẹ̀jẹ̀. Ẹ jọ mú ọjọ́ kan. Ẹ kó gbogbo fóòmù sí oòrùn, ẹ da omi gbígbóná sí oríkèé bọ́ńkù, ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ ìtẹ́sùn, ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nítorí ẹyin tó kù yóò ti pa. Ẹ má ṣe fọ́n oògùn apakòkòrò DDVP sínú yàrá kí ẹ sì sùn síbẹ̀. Májèlé ni. Àjọ NAFDAC tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ti fòfin de títà rẹ̀ nínú ìgò kéékèèké.

Omi ńkọ́? Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Pọn ọ́n nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yọ.

Àánú ló máa ń mú ni gba ọ̀rẹ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀dì sọ́dọ̀, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní squatter. Mo fọwọ́ sí àánú náà, ṣùgbọ́n wo òfin ilé-ẹ̀kọ́ rẹ, kí o sì bi gbogbo alájọgbé léèrè kí ó tó gbé báàgì rẹ̀ wọlé. Àyè tó fẹ́ lò kì í ṣe tìrẹ nìkan.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ilé akẹ́kọ̀ọ́ ni òwe yìí ti ń wúlò. Ẹni tó wà ní ọdún kẹrin mọ ìwé tó yẹ kí o rà àti èyí tó wà ní láíbúrárì lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì lè ní ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ lọ́wọ́. Ìwọ lè mọ kọ̀ǹpútà jù ú lọ. Lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó ń fi earpiece dí etí láti àárọ̀ dalẹ́ ń sanwó ibùgbé, ó sì fi èyí tó dára jù níbẹ̀ sílẹ̀.

Má ṣe dúró de ìgbà tí alájọgbé yóò béèrè nípa ìwọ fúnra rẹ. Bí o bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tàbí ikọ́ fée, sọ fún ó kéré tán ẹni méjì nínú yàrá. Fi ibi tí oògùn rẹ wà hàn wọ́n, kí o sọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Kọ nọ́ńbà òbí rẹ sára ògiri tàbí sẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ, kí o sì gba ti òbí wọn. Ní ọ̀sán, ẹ jọ rìn dé ilé ìwòsàn ọgbà, kí ẹ mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa ń ṣí sílẹ̀ lóru.