Kí Ni Wọ́n Ń Fi Ilẹ̀ Náà Ṣe Tẹ́lẹ̀?

Lẹ́tà kan wọlé láti Bompai ní Kánò, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Sabon Gari. Ó ti kó owó díẹ̀ jọ, kò sì fẹ́ kí ọ̀wọ́n gógó jẹ ẹ́ tán ní báńkì, ló bá ń wá ilé tàbí ilẹ̀ tí yóò máa pa owó wọlé. Ohun mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀: ilé àtijọ́ kan ní Sabon Gari, face-me-I-face-you oníyàrá 12 tí ayálégbé kún inú rẹ̀; ilẹ̀ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lára ọgbà iléeṣẹ́ ìjọba, tí C of O rẹ̀ ti jáde, tí owó rẹ̀ kò sì ju ìdajì iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ ládùúgbò náà lọ; àti ilẹ̀ Ìbẹ́jú-Lẹ́kí ní Èkó tí wọ́n ń polówó fún un lórí WhatsApp, tó lè máa san díẹ̀díẹ̀. Dílálì ní kó fi owó àsansílẹ̀ mú ọ̀kan kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ó béèrè èyí tó yẹ kó mú, ó tún béèrè bóyá ó lè fi orúkọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 16, rà á.

Ti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni kó kọ́kọ́ gbàgbé. Ilé tó ti wà láti ayé àwọn òyìnbó kò ní sá lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Dílálì ló ń kánjú, torí ọjọ́ tí wọ́n bá tà ni owó tirẹ̀ ń wọlé.

Èyí tó fa obìnrin yìí lójú jù, ìyẹn ilẹ̀ ọgbà ìjọba, ni kó má fọwọ́ kàn rárá. Ojú ará Kánò ló ṣe. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Abba Kabir Yusuf kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan nípò gómìnà, katapílà wọ Race Course ní àdúgbò Nasarawa, ó wó ilé alájà tó ní ṣọ́ọ̀bù 90 nínú. Wọ́n ti ibẹ̀ kọjá sí Daula Hotel, wọ́n sì dé àwọn ṣọ́ọ̀bù Masallacin Idi, níbi tí wọ́n ti ń kírun ọdún. Àlàyé ìjọba tuntun ni pé ilẹ̀ aráàlú ni gbogbo ibẹ̀, pé ìjọba Ganduje tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pín in. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù Masallacin Idi gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní kí ìjọba Kánò san bílíọ̀nù 30 náírà fún wọn. Nígbà tí tọ̀tún-tòsì yóò fi jókòó ṣàdéhùn, bílíọ̀nù 3 ni wọ́n fẹnu kò sí. Àwọn èèyàn wọ̀nyí kò jí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni o. Ìjọba kan fún wọn, ìjọba kejì gbà á.

Nítorí náà, kó tó béèrè bóyá ìwé wà, kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń fi ilẹ̀ náà ṣe tẹ́lẹ̀. Kó bi mai unguwa, ìyẹn olórí àdúgbò, kó bi àwọn àgbà àdúgbò, kó sì san owó kí lọ́yà wo fáìlì rẹ̀ ní KANGIS, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ ní Kánò. Bí ìdáhùn bá jẹ́ ọgbà iléèwé, itẹ́ òkú, etí rélùwéè, ojú ìṣàn omi tàbí pápá ìṣeré, kó dúpẹ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ ní ìdajì iye rẹ̀ mọ ohun tó ń sá fún.

Ilé àtijọ́ náà sàn jù, àmọ́ òun náà ní ìtàn. Láyé ìgbà tí rélùwéè dé Kánò, ní nǹkan bí 1912, ni ìjọba amúnisìn la Sabon Gari fún àwọn àlejò tó ti gúúsù wá. Ní 1966, àwọn Igbo sá lọ nítorí ìpakúpa, ilé wọn sì ṣófo. Ìjọba Audu Bako, gómìnà ológun Kánò nígbà náà, bá wọn tọ́jú ilé náà, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, nígbà tí ogun abẹ́lé sì parí, wọ́n dá a padà fún àwọn tó ni ín. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó fẹ́ rà lónìí ni pé ẹni tó ni ilé lè wà ní Onitsha, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀fà, kí ẹni tó ń gba owó ilé ní Kánò jẹ́ ọmọ àbúrò lásán. Bí ilé ẹbí bá ni, tí olórí ẹbí kò sì sí níbẹ̀, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ pé àwọn èèkàn ẹbí fọwọ́ sí i, wọ́n lè lọ fagi lé e nílé ẹjọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìṣirò. Ká ní mílíọ̀nù 30 náírà ni wọ́n ń pè é, tí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń mú 120,000 wá lọ́dún: gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,440,000. Yàrá kan yóò ṣófo, òrùlé yóò jò, ṣaláńgá yóò kún. Bí mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, kò tó náírà mẹ́rin lórí ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ gbé iye èlé tí àwọn báńkì ń tẹ̀ lé dé 27.5 lórí ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá yá owó ra irú ilé yìí, owó ilé kò lè san èlé náà láéláé. Owó ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kó fi rà á, kó sì nájà gidi.

Dílálì yóò ní gáàsì ń bọ̀. Lóòótọ́, ní 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ páìpù gáàsì Ajaokuta sí Kaduna sí Kánò, tó gùn tó kìlómítà 614, bí gáàsì bá sì dé tí iná dúró, àwọn iléeṣẹ́ Bompai tó ti kógbá wọlé lè padà ṣí, kí òṣìṣẹ́ tún máa wá yàrá. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n iye tí ayálégbé ń san lónìí ni kó fi díyelé e. Kó lọ síbẹ̀ ní ìdájí, kó wo iye èèyàn tó ń dúró de mairuwa, ìyẹn olómi, kó wo ògiri ẹ̀yìn bóyá ó ti là, kó sì mú ẹnjiníà dání bí ó bá ń ronú àtifi àjà kún un. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ilé alájà tí wọ́n ń kọ́ ní ọjà GSM ní Beirut Road wó lulẹ̀, nínú Kánò yìí náà.

Ti Ìbẹ́jú-Lẹ́kí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ ló wà lábẹ́ ìjọba, àyàfi èyí tí wọ́n yọ sílẹ̀ fún abúlé nínú gásẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó wà ní Bompai kò lè mọ̀ bí ọmọ onílẹ̀ ṣe ń tún un tà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá wù ú, kí sàfeyà gbé nọ́ńbà pílánì ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba Èkó ní Alausa kó tó san kọ́bọ̀.

Ní ti orúkọ ọmọ, kò ṣeé ṣe bí ó ṣe rò ó. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 kò jẹ́ kí gómìnà fọwọ́ sí títa ilẹ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21, àfi bí alágbàtọ́ tí òfin mọ̀ bá dúró fún un, bẹ́ẹ̀ títà tí gómìnà kò fọwọ́ sí kò ní agbára. Kó fi orúkọ ara rẹ̀ rà á, kó kọ ìwé ìhágún lọ́dọ̀ lọ́yà kan náà, kó sì fi owó ìfọwọ́sí kún ohun tó ń ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀.